Play-off bọ́ọ̀lù Nẹ́dálándì: ta ló ń gòkè, ta ló ń já, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Nígbà tí Líìgì Gẹ̀ẹ́sì bá ti parí, tí ọ̀rọ̀ ti di ta ni Arsenal máa rà, ta ni Chelsea máa tà, àwọn ará Nẹ́dálándì ṣì lè wà lórí pápá. Ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù wọn máa ń dùn jù, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbá play-off, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa gòkè sí líìgì ńlá àti ẹni tó máa já kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ètò rẹ̀ lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹjọ gòkè, tí ẹni tó ṣe ipò kẹta sì jókòó sílé, á rò pé wọ́n ti yí èsì po ni. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jẹ yọ nìyí.

Kí gan-an ni wọ́n ń du?

Àyè kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú Eredivisie, líìgì tó ga jù níbẹ̀. Tí sáà bá parí, ẹni tó wà ní ipò 17 àti ẹni tó wà ní ipò 18 ti já nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tó ṣe ipò kìíní àti ìkejì nínú líìgì tó tẹ̀ lé e, Eerste Divisie, á gòkè wá rọ́pò wọn. Ó wá ku ẹni tó wà ní ipò 16. Òun ò tíì já, kò sì tíì là. Ẹgbẹ́ mẹ́fà láti ìsàlẹ̀ ló ń dúró dè é, nínú àwọn méjèèje, ẹyọ kan ni yóò gbá Eredivisie ní sáà tó ń bọ̀.

Ẹ lè rí orúkọ Keuken Kampioen Divisie níbì kan. Eerste Divisie yẹn náà ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ilé ìdáná ló ń sanwó orúkọ láti 2018. Kí wọ́n tó dé, orúkọ bíà ló ń jẹ́: Jupiler League.

Ṣé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyí?

Rárá o. Ọdún 1954 ni bọ́ọ̀lù olówó bẹ̀rẹ̀ ní Nẹ́dálándì, Eredivisie sì bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Play-off yìí, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè ní nacompetitie, dé ní àwọn ọdún 1970, KNVB tó jẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù wọn sì ti tún un ṣe láìmọye ìgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2019, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá nìkan ló ń já tààrà, ẹnì kan ló sì ń gòkè tààrà. Ipò 16 àti ipò 17 ló jọ ń wọ play-off, àyè méjì ló sì wà ńlẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka ìtàn àtijọ́, tí ẹ rí i pé ẹgbẹ́ méjì gòkè nínú play-off ọdún kan náà, kì í ṣe àṣìṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan àwọn mẹ́fà tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀?

Ibí ni ọgbọ́n àwọn ará Dutch wà, ibí náà sì ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú Eerste Divisie, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbá. Wọ́n pín sáà yẹn sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní periode. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oókan. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìpín kan ti gba periodetitel, ìwé ìwọlé play-off ti wà lápò rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù Kẹwàá la ṣì wà.

Tí gbogbo ìpín mẹ́rin bá ti ní olúborí, wọn á wá fi àwọn tó ga jù nínú tábìlì gbogboogbò kún un títí yóò fi pé mẹ́fà. Bí ẹni tó gba ìpín kan bá tún gba òmíràn, tàbí tó ti gòkè tààrà, kò lè lo ìwé méjì; àyè tó ṣófo á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ga jù lórí tábìlì tí kò tíì ní nǹkan kan.

Ẹ wò ó báyìí: ẹgbẹ́ kan lè jí ní oṣù Kẹjọ, kó na gbogbo èèyàn fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, kó gba periode àkọ́kọ́, kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dáa jù sì ti lọ ní oṣù Kìíní, kó wá máa rá kálẹ̀ títí yóò fi parí sí ipò 13. Ó ṣì máa gbá play-off. Èmi ò bínú sí i. Líìgì kejì tí kò sí ìyà púpọ̀ fún ẹni tó kẹ́yìn nílò ohun tí yóò mú kí àwọn èèyàn máa wá sí pápá ní oṣù Kejì nínú òtútù, periode yìí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ẹgbẹ́ tó bàjẹ́ lóṣù Kẹsàn-án mọ̀ pé oókan ni òun tún máa ti bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Ibi tó ti dùn mí ni pé ẹgbẹ́ tó dúró ṣinṣin fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, tó ṣe ipò kẹta, kò rí ju àǹfààní kékeré kan gbà lórí ẹni tó dáa fún oṣù méjì.

Àǹfààní wo nìyẹn?

Ẹni tó ga jù lórí tábìlì ló ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì nílé. Ó tán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá a?

Ìpele mẹ́ta. Nínú ìpele kìíní, àwọn mẹ́fà láti Eerste Divisie nìkan ló ń kojú ara wọn, mẹ́ta á kù. Ipò 16 láti Eredivisie á wá wọlé ní ìpele kejì, wọ́n á di mẹ́rin. Àwọn méjì tó bá borí á pàdé níparí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ tilé-toko: ẹ gbá wa nílé yín, a gbá yín nílé wa, a ka góòlù pọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ní láti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn 38; ẹni tó wà ní ipò 16 á gbá mẹ́rin, lẹ́yìn 34. Ọdún 2021 yàtọ̀: nítorí Kòrónà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi yanjú ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ṣé góòlù tí èèyàn bá gbá wọlé níta ń kà jù?

Kò kà jù mọ́. Ìparí play-off ọdún 2022 ni ẹ̀rí tó dáa jù.

Excelsior, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Rotterdam, àti ADO Den Haag ló pàdé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní Rotterdam parí sí ọ̀mì 1-1. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n lọ sí Den Haag. ADO gbá góòlù mẹ́ta wọlé, Excelsior kò ní ẹyọ kan. Nílé ADO, pẹ̀lú èrò ADO, 3-0. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti pa tẹlifíṣọ̀n. Excelsior dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, 3-3. Wọ́n wọ àfikún àkókò, ADO tún gbá ọ̀kan, Excelsior tún dá a padà, 4-4. Tó bá jẹ́ òfin àtijọ́ ni, Excelsior ti gòkè láti 3-3, nítorí góòlù mẹ́ta níta ju ẹyọ kan tí ADO gbá ní Rotterdam lọ. Àmọ́ òfin yẹn kò sí mọ́, àfi kí wọ́n lọ gbá pẹ̀nárítì. Pẹ̀nárítì náà kò tètè parí: 8-7 ni Excelsior fi borí. Àwọn olólùfẹ́ ADO kan ya wọ pápá, inú wọn ò dùn rárá. ADO ṣe ipò tó ga ju Excelsior lọ nínú líìgì, wọ́n ní àǹfààní ilé, wọ́n ní góòlù mẹ́ta. Kò sí ọ̀kankan tó gbà wọ́n.

Ẹni tó ti Eredivisie wá ṣe ń bẹ̀rù? Ṣebí òun ló yẹ kó lágbára jù?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Owó rẹ̀ pọ̀ jù, ìpele kìíní kò kàn án, ó sì ti lo ọdún kan gbáko pẹ̀lú Ajax, PSV àti Feyenoord. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ wọ̀nyí. 2021: Emmen já. 2022: Heracles já. 2023: Emmen tún já. 2024: Excelsior já. 2025: Willem II já. Ẹ padà sẹ́yìn sí 2019 nígbà tí méjì ṣì ń wọ play-off: Excelsior àti De Graafschap jọ já, Sparta Rotterdam àti RKC Waalwijk gba àyè wọn. 2018: Roda JC àti Sparta jọ já, Emmen àti De Graafschap gòkè. Láti 2018 títí dé 2025, ẹgbẹ́ Eredivisie mẹ́sàn-án ló wọ play-off, kò sí ẹyọ kan tó yè é. Roda JC ní 2017 ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó yè.

Kí ló ń fà á? Ohun tí mo rí ni pé ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 16 ti fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ bí a ṣe ń fìdí rẹmi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti lè yí padà, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n yá wá ti ń múra ilé, àwọn tí ìwé àdéhùn wọn fẹ́ parí ti ń bá aṣojú sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà wọ́n wá pàdé ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹnì kan tàbí ẹni méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo ìlú ti gbé asia sójú fèrèsé. Ìpele tí wọ́n fò yẹn, tí KNVB kà sí ojúure, mo rò pé ó ń ṣe wọ́n ní ibi nígbà míì ni.

Willem II ní 2025 lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gba ọ̀mì 2-2 níta, èsì tó dáa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì di ti Tilburg, nílé wọn. Telstar wá síbẹ̀, wọ́n fi 3-1 nà wọ́n.

Telstar? Ta ni wọ́n?

Ẹgbẹ́ kékeré láti agbègbè IJmuiden, létí òkun. Ipò keje ni wọ́n ṣe nínú Eerste Divisie ní sáà 2024–25, Anthony Correia ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ọdún 1978 ni wọ́n já kúrò ní Eredivisie. Ìyẹn ni pé ọdún 47 ni wọ́n fi wà nísàlẹ̀, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n já á ti lè ní ọmọ ní yunifásítì kí wọ́n tó padà.

Àwọn kan wà tí wọn ò dé ibẹ̀ rí kí play-off tó gbé wọn gòkè. Emmen ní 2018, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Almere City ní 2023, ìgbà àkọ́kọ́ tiwọn náà, Emmen yẹn gan-an ni wọ́n sì já sílẹ̀ níparí. Ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Almere ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bọ́ọ̀lù olówó; Omniworld ló ń jẹ́ nígbà yẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó ṣe ipò kẹjọ gòkè?

Òótọ́ ni. NAC Breda, 2024. Wọ́n lé Roda JC tó ṣe ipò kẹta sílé, wọ́n lé Emmen, wọ́n wá bá Excelsior níparí. Ní Breda, 6-2. Gbogbo èèyàn ti ní ó parí. Ní Rotterdam, Excelsior gbá mẹ́rin, NAC gbá ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló gbà wọ́n: 7-6 lápapọ̀. NEC Nijmegen náà ti ipò keje gòkè ní 2021. NAC ni wọ́n nà níparí lọ́dún yẹn, 2-1.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Roda JC ní 2024 tí àwọn èèyàn ṣì fi ń dá wọn lápàárá?

Roda àti FC Groningen ló ń du ipò kejì, èyí tó ń gòkè tààrà. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, Roda ń gbá Cambuur nílé ní Kerkrade. Ìròyìn kan ta káàkiri pápá pé Groningen ti pàdánù àmì níbi tí wọ́n ti ń gbá tiwọn, pé Roda ti gòkè. Èrò ya wọ orí koríko, wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Irọ́ ni. Groningen borí tiwọn. Àfi kí gbogbo èèyàn rọra padà sórí àga.

Èyí tó wá burú ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ Groningen àti Roda, nílé Groningen. Groningen na wọ́n ní 2-0, wọ́n gòkè. Roda lọ sí play-off, ẹ ti mọ bí NAC ṣe ṣe wọ́n. Ẹ má fi ìdílé Roda ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ́jọ́ náà, ojú wọn rí nǹkan.

Jong Ajax ń gbá Eerste Divisie. Ṣé wọ́n lè gòkè kí Ajax di méjì?

Wọn ò lè gòkè. Jong Ajax, Jong PSV, Jong AZ àti Jong Utrecht jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ inú ilé àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà lókè, wọn kì í gòkè, wọn kì í sì í wọ play-off. Jong Ajax gba ife líìgì náà ní 2018. Wọ́n gbé e, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sí líìgì kan náà. Fortuna Sittard tó ṣe ìkejì ló gòkè. Ìdí nìyẹn tí ipò kẹjọ tàbí kẹsàn-án fi lè tó láti wọ play-off: tí ẹ bá yọ àwọn ọmọdé wọ̀nyí kúrò, àyè á fẹjú.

Kí ló dé tí De Graafschap máa ń fẹ́ lọ sí kóòtù?

Ẹ̀ẹ̀kan ni, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ní oṣù Kẹta 2020 Kòrónà dá sáà dúró. Cambuur ló wà lókè Eerste Divisie, De Graafschap tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù Kẹrin, KNVB ní sáà ti parí, kò sí ẹni tó gba ife, kò sí ẹni tó já, kò sí ẹni tó gòkè. ADO Den Haag àti RKC Waalwijk, tí wọ́n wà nísàlẹ̀ Eredivisie, mí kanlẹ̀. Cambuur àti De Graafschap gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ní Utrecht, adájọ́ ní KNVB lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Cambuur gba ife ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gòkè, wọ́n gbàgbé. De Graafschap ní tiwọn ní iye àmì kan náà pẹ̀lú Go Ahead Eagles, àmọ́ ìyàtọ̀ góòlù gbé Go Ahead sókè. Wọ́n wá lọ pàdánù ní play-off. Tí ẹ bá pàdé ará Doetinchem, ìlú De Graafschap, ẹ rọra fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ 2020 àti 2021.

Ọmọ Nàìjíríà wo ló ti gbá play-off yìí?

Ẹni tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni Ahmed Musa. VVV-Venlo ló mú un kúrò ní Nàìjíríà ní 2010. Sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, VVV parí sí ipò 17, nígbà tí ipò yẹn ṣì ń lọ sí play-off. Wọ́n yè é ní 2011. Musa lọ sí CSKA Moscow ní oṣù Kìíní 2012. VVV tún wọ play-off lọ́dún náà, wọ́n tún yè é. Ní 2013 wọ́n wọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Uche Nwofor ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Go Ahead Eagles ló já wọn sílẹ̀, tí àwọn náà sì gòkè lẹ́yìn ọdún 17.

Mo gbọ́ pé àwọn tó wà lókè Eredivisie náà ń gbá play-off. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìyẹn wà fún tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje Yúróòpù tó ń jẹ́ Conference League, ẹgbẹ́ mẹ́rin tó wà lẹ́yìn àwọn olówó ló ń gbá a. Kò sí ẹni tó ń já níbẹ̀. Ó dùn wò, àmọ́ ẹni tó bá pàdánù á kàn lọ sinmi ni.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú Eerste Divisie ńkọ́, ṣé ó ń já?

Ó ṣọ̀wọ́n. Achilles '29 já sí Tweede Divisie, líìgì kẹta, ní 2017, Jong AZ sì gba àyè wọn. Láti ìgbà náà ilẹ̀kùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ gòkè, nítorí owó àti ìwé àṣẹ tí bọ́ọ̀lù olówó ń béèrè.

Ṣé orí pápá nìkan ni wọ́n ti ń já?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Vitesse Arnhem ti wà ní Eredivisie láti 1989. Ní oṣù Kẹrin 2024, KNVB yọ àmì 18 lára wọn nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ìwé àṣẹ, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n já, kò kan play-off rárá. Volendam ló bá wọn lọ.

Ìgbà wo ni kí n máa wò ó?

Láti àárín oṣù Karùn-ún títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. ESPN ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Nẹ́dálándì. Tó bá jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ráyè wò, ẹ mú ìkejì nínú ìparí, kí ẹ sì má pa tẹlifíṣọ̀n tó bá di 3-0.